ÀṢEKỌJÁ ÀTI ÀṢEKÙ: ÒṢÙWỌ̀N ÌRETÍ ÀTI ẸGBẸ́ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ SHOOTING STARS TI ÌBÀDÀN

Ìfáárà

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars bá ti pàdánù ní pápá ìṣeré Adamásingbà, gbólóhùn kan náà ni ènìyàn yóò máa gbọ́ láti ìdí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀ títí dé ibùdókọ̀ Challenge: pé ẹgbẹ́ náà kò ṣe tó bí ó ti yẹ kí ó ṣe. A ti gbọ́ gbólóhùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi etí sí i mọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi etí sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe "yẹ" tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó bá sọ pé nǹkan kò tó bí ó ti yẹ ti ní òṣùwọ̀n kan lọ́kàn tí ó fi wọ̀n ọ́n, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Ìbéèrè wa ni pé: òṣùwọ̀n wo ni àwa ará Ìbàdàn fi ń wọn Shooting Stars, ǹjẹ́ òṣùwọ̀n náà sì tọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré ìdárayá lásán. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ni ẹgbẹ́ náà, owó ìlú ni a sì fi ń bọ́ ọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń wí pé kí ìjọba tà á fún aládàáni, ẹ̀rí tí wọ́n sì sábà máa ń tọ́ka sí ni àìṣe-tó yìí kan náà. Bí òṣùwọ̀n bá wọ́, ìdájọ́ tí a gbé kà á lórí yóò wọ́ pẹ̀lú.

Kí a má baà máa sọ gbólóhùn gígùn nígbà gbogbo, a óò pe ẹgbẹ́ tí àṣeyọrí rẹ̀ ju ohun tí a lè retí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́ aṣekọjá. Èyí tí àṣeyọrí rẹ̀ kò tó ìretí náà ni a óò pè ní ẹgbẹ́ aṣekù, èyíinì ni ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tí iṣẹ́ kù sílẹ̀. A kò lo "aṣejù" fún ti àkọ́kọ́ nítorí pé àbùkù ti wà lára ọ̀rọ̀ náà nínú èdè wa, kò sì sí àbùkù kankan nínú kí ẹgbẹ́ kékeré gba ife. Ní ti ìretí fúnra rẹ̀, àwọn àgbà ti sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni láti mọ bí eku náà ti tóbi tó.

Ibi tí kíka ènìyàn ti tó

Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti rọrùn jù lọ láti lò ni ilẹ̀ Áyálándì. Wọ́n ní irú bọ́ọ̀lù kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gaelic, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ẹ̀ka ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní county ni ó ń gbé ẹgbẹ́ kalẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kì í gba owó-oṣù, county tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni ó sì sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wúwo. Nítorí náà, bí a bá ti mọ iye ènìyàn tí ó wà ní county kan, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ agbára ẹgbẹ́ rẹ̀. Leitrim, tí iye ènìyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 35,000 lọ, na Mayo ní ọdún 1994 láti gba ife ẹkùn Connacht. Ẹgbẹ́ aṣekọjá pátápátá ni lọ́dún náà. Mayo tí ó nà yìí ní ènìyàn tí ó lé ní 130,000, ṣùgbọ́n láti ọdún 1951 ni kò ti gba ife gbogbo ilẹ̀ Áyálándì mọ́. Láàrin ọdún 1989 sí 2021, ìgbà 11 ni ó dé ìdíje àṣekágbá tí ó sì pàdánù. Àwọn kan yóò pè é ní aṣekù nítorí èyí. A kò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó dé ẹnu ọ̀nà ààfin nígbà 11 ti rin ìrìn tí àwọn tí ó ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà rìn. Dublin gan-an ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Ènìyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1.4, ó sì gba ife nígbà mẹ́fà léraléra láti 2015 dé 2020, síbẹ̀ Kerry tí kò ní ju ìdá mẹ́sàn-án iye yẹn lọ ni ó ní ife jù lọ nínú ìtàn ìdíje náà.

Ẹ̀kọ́ tí a mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n ènìyàn ṣeé gbára lé níbi tí agbábọ́ọ̀lù kò bá ṣeé rà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó ṣeé rà, ó sì ṣeé tà. Síbẹ̀ a óò kọ́kọ́ lo òṣùwọ̀n ènìyàn náà fún Ìbàdàn, kí a lè rí ohun tí yóò fi hàn àti ibi tí yóò ti já wa kulẹ̀.

Ìwọ̀ Oòrùn kan, ẹgbẹ́ kan

Orúkọ méjì ni ẹgbẹ́ yìí ti jẹ́ sẹ́yìn kí ó tó di Shooting Stars lásán. Wọ́n ti pè é ní WNDC, lẹ́tà orúkọ iléeṣẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni ó di IICC, tí òun náà jẹ́ lẹ́tà orúkọ iléeṣẹ́ ìdókòwò àti ìyánilówó. Ẹni tí ó bá ń wá òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹgbẹ́ náà yóò rí i nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Iléeṣẹ́ tí ó ni ẹgbẹ́ kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan, kì í sì í ṣe ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ìwọ̀ Oòrùn ni ó ni ín, láti Ìkìrun dé Àkúrẹ́, láti Abẹ́òkúta dé Adó-Èkìtì. Ìbàdàn ni olú-ìlú, ibẹ̀ ni Liberty wà, pápá ìṣeré ńlá tí a ṣí ní ọdún 1960 tí a sì sọ ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Ọmọ tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ìlú èyíkéyìí ní Ìwọ̀ Oòrùn mọ̀ pé bí òun kò bá lọ sí Èkó, Ìbàdàn ni òun ń lọ. Iṣẹ́ oṣù ń dúró dè é nínú iléeṣẹ́ tí ó ni ẹgbẹ́, kò sì sí ẹnì kankan láti Yúróòpù tí ó ń wá a kiri.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1976 fínnífínní, nítorí pé òun ni ọdún tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún náà, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní ọdún yìí kan náà ni IICC gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó sì tún gba ife àwọn olúborí ife orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé, tí ó gba ife náà ní 1975, ni ó pàdé ní àṣekágbá. IICC na Tonnerre ní ayò 4 sí 1 nílé, ó sì pàdánù lọ́hùn-ún ní ayò 1 sí òdo. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tí ó ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú èyí. Ohun tí àwọn tí ń ròyìn ọdún náà kì í sábà fi kún un ni pé ẹgbẹ́ tí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn kó jọ ni ó gba ife, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tuntun kan ṣoṣo ni ó jogún rẹ̀. Ogún náà tóbi ju àgbàlá tí wọ́n gbé e sí lọ.

Bí ogún náà ti tóbi tó hàn kedere ní ọdún 1980. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní ayò 3 sí òdo ní Èkó láti gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Ọmọ Shooting Stars ni àwọn méjèèjì. Best Ogedengbe tí ó ṣọ́ ilé àti Felix Owólabí tí ó wà lápá òsì, Shooting Stars ni àwọn náà ti wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà o. Jos ni wọ́n ti tọ́ Ọdẹ́gbàmí dàgbà, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólí Ìbàdàn ni ó sì gbé e wọ ìlú yìí. Olú-ìlú ńlá a máa fa ènìyàn mọ́ra láti ibi gbogbo, iléèwé rẹ̀ sì jẹ́ ara ohun tí ó fi ń fà wọ́n.

Orúkọ dúró, ẹrù yí padà

Ní ọdún 1991 ni a tún gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Bí a bá lo ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn Ọ̀yọ́ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 5.6, ti Ọ̀ṣun 3.4, ti Ògùn bí 3.75, ti Oǹdó bí 3.5, ti Èkìtì 2.4. Àpapọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 18.6. Ìpínlẹ̀ tí ó ń bọ́ Shooting Stars lónìí kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ilẹ̀ tí ó bí i lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò kan. Líìgì gbogboogbò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Láti ìgbà náà dé 1998, ọdún 27 ni. Mílíọ̀nù 140 ni a ka ní gbogbo Nàìjíríà ní 2006, nítorí náà Ọ̀yọ́ jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá pín ife líìgì ní ìbámu pẹ̀lú iye ènìyàn, ẹyọ kan péré ni ó yẹ kí Ọ̀yọ́ gbà láàrin ọdún 27 náà. Bí a bá ka Ọ̀ṣun mọ́ ọn, kò ní pé méjì. Bí a bá tilẹ̀ ka gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ mọ́ ọn, kò ní pé mẹ́rin. Ife líìgì tí Shooting Stars gbà jẹ́ márùn-ún: 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. A mọ̀ pé iye ènìyàn ọdún 2006 kì í ṣe iye ènìyàn ọdún 1976, ṣùgbọ́n ìdá tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nínú gbogbo orílẹ̀-èdè kì í yí padà kíákíá, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹyọ kan àti márùn-ún sì ti pọ̀ ju ohun tí àṣìṣe kékeré lè bò mọ́lẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, bákan náà ni. Ní 1977, Rangers ti Enugu ni ó dá IICC dúró ní ìdíje tí ó ṣáájú àṣekágbá, pẹnariti ni a sì fi yà wọ́n. Ní 1984, Shooting Stars dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ olúborí, Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì sì nà án ní ayò 2 sí òdo àti 1 sí òdo. Ní 1992, ó gba ife CAF ní ọdún àkọ́kọ́ tí a dá a sílẹ̀: ó gbá ọ̀mì pẹ̀lú Villa ní Kampala, ó sì nà án ní ayò 3 sí òdo nílé. Ọdún kan lẹ́yìn tí Ọ̀ṣun kúrò ni èyí. Ní 1996, Zamalek kan náà ni ó tún pàdé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan borí nílé ní ayò 2 sí 1, Zamalek sì gbé ife lọ pẹ̀lú pẹnariti. Àwọn tí ó wà láyé nígbà náà kò tíì dárí ji pẹnariti yẹn.

Nípa òṣùwọ̀n ènìyàn, nígbà náà, ẹgbẹ́ aṣekọjá ni Shooting Stars fún ọdún 23, láti 1976 dé 1998. Kí ni a wá lè sọ nípa ìgbà tí ó tẹ̀ lé e? Láti 1999 dé 2025 kò gba líìgì rárá. Ìṣirò kan náà sọ pé ẹyọ kan ni ó yẹ kí ó gbà láàrin nǹkan bí sáà 26 tí a rí ẹni gba ife. Ìyàtọ̀ láàrin ẹyọ kan àti òdo kì í ṣe ohun tí a lè gbé ìdájọ́ kà. Enugu pàápàá mọ èyí: Rangers gba líìgì ní 1984, kò sì tún fojú kàn án títí di 2016, ọdún 32 gbáko. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àṣekù Shooting Stars jẹ́ ìrántí. Aṣọ tí a rán fún Ìwọ̀ Oòrùn ni a wọ̀ fún Ọ̀yọ́, tí a wá ń bínú pé aṣọ náà ń wọ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́ àbá iṣẹ́ yìí ní ìpàdé ẹ̀ka wa bi wá pé, ṣé ohun tí à ń sọ ni pé ẹgbẹ́ náà kò jẹ̀bi ohunkóhun? Rárá o. Òṣùwọ̀n tí ó dá a láre nípa ife náà ni ó dá a lẹ́bi nípa ohun mìíràn. Ní ìparí sáà 2017, Shooting Stars já bọ́ láti ìpele kìn-ín-ní, kò sì padà títí di 2021. Ẹgbẹ́ 20 ni ó wà ní ìpele náà ní sáà tí ó já bọ́. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ipò karùn-ún ni Ọ̀yọ́ wà láàrin gbogbo ìpínlẹ̀, lẹ́yìn Kánò, Èkó, Kàdúná àti Katsina; Ìbàdàn nìkan, pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ 11 rẹ̀, lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Kí irú ibẹ̀ má ní ẹgbẹ́ kankan láàrin 20 fún ọdún mẹ́rin, àṣekù ni, a kò sì ní orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Gbígba ife ní orí àti kádàrá nínú. Wíwà láàrin 20 kò ní ju ètò àti ìtọ́jú lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ìbínú ará ìlú wà, ṣùgbọ́n ìbínú púpọ̀ ni a ti ná sórí ife tí kò dé.

Àwọn tí ó ṣe kọjá tí wọ́n sì kú

Ibi tí òṣùwọ̀n ènìyàn ti já wa kulẹ̀ ni ìgbà tí owó bá wọ ọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ kò jìnnà, nínú Ìbàdàn yìí kan náà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Leventis United yọ ní ìlú yìí, iléeṣẹ́ oníṣòwò ni ó sì ni ín. Ó gba ife orílẹ̀-èdè ní 1984. Èyí gbé e dé àṣekágbá ife àwọn olúborí ife orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà ní 1985, níbi tí Al Ahly ti nà án ní Cairo ní ayò 2 sí òdo kí òun náà tó nà wọ́n nílé ní 1 sí òdo. Ní 1986, ó gba líìgì àti ife orílẹ̀-èdè pọ̀. Ní 1987, wọ́n tú u ká.

Ó yẹ kí olùkàwé dúró díẹ̀ lórí àwọn ọdún wọ̀nyí. Ìlú kan náà ni, ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù méjèèjì ń tọ̀, ọmọ Ìbàdàn kan náà ni ó ń sanwó wọlé láti wò wọ́n. Ní ọdún 1986, bí a bá bi ẹnikẹ́ni ní Bódìjà pé ta ni aṣekọjá, ta ni aṣekù láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì, kò ní ronú kí ó tó dáhùn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù tí a lè bi ìbéèrè náà nípa rẹ̀.

Leventis kì í sì í ṣe òun nìkan. Láti 1985 dé 1997, ọdún 13, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni ó pín ife líìgì láàrin ara wọn: New Nigeria Bank, Leventis United, Iwuanyanwu Nationale, Julius Berger, Stationery Stores, BCC Lions, Shooting Stars, Udoji United àti Eagle Cement. Ẹ ka àwọn orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé ìfowópamọ́, oníṣòwò, akọ́lé àti oníṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni púpọ̀ nínú wọn. Iwuanyanwu padà di Heartland ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ímò. Nínú gbogbo àwọn tí ó kù, Shooting Stars nìkan ni orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní ìpele kìn-ín-ní lẹ́yìn tí a ti ka ọdún 2025. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, tí ó gba ife orílẹ̀-èdè ní 1985 àti 1987, ti di ìtàn. Ocean Boys ti Bayelsa, tí ó gba líìgì ní 2006, ti bá a lọ.

Ohun tí ó jọ wá lójú nínú àwọn ìkú wọ̀nyí ni pé, níbi tí a ti ń fi owó ẹnì kan ṣe kọjá agbára ìlú, ìwàláàyè ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ọkàn ẹni náà. Owó lè mú kí eku kọ́ ìtẹ́ tí ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ nígbà tí onílé bá kó lọ. Ìjọba, bí ó ti wù kí ó lọ́ra tó láti sanwó oṣù, kì í kó lọ.

Ìkẹ́nnẹ́ àti Aba

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a óò rò pé ìlú ní láti yan ọ̀kan nínú méjì, àṣekọjá tí ń kú tàbí àṣekù tí ń pẹ́. Ẹgbẹ́ méjì kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Olóyè Awólọ́wọ̀. Gbogbo ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ nínú ètò ìkànìyàn 2006 jẹ́ nǹkan bí 119,000, èyí tí kò tó ti Mayo tí a mẹ́nu bà lókè. Remo Stars já bọ́ láti ìpele kìn-ín-ní ní 2017, ní sáà kan náà tí Shooting Stars já bọ́. Ní 2021, àwọn méjèèjì jọ padà sókè. Kò wọ́pọ̀ kí ìtàn ṣe irú ìdánwò báyìí fún wa, kí ó fi ẹni méjì sí ojú ìlà kan náà ní ọjọ́ kan náà. Remo Stars ṣe ipò kejì ní sáà 2022 sí 2023, ó tún ṣe ipò kejì ní èyí tí ó tẹ̀ lé e, ó sì gba líìgì ní 2025 lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ogunmodede. Aládàáni ni ó ni ín, Kunle Soname. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba ta Shooting Stars ti fò mọ́ àpẹẹrẹ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀ ni owó. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Leventis náà ní owó. Ohun tí Leventis kò ní ni iléèwé bọ́ọ̀lù tí ń kọ́ àwọn ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní Beyond Limits, àti pápá ìṣeré tirẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde tí wọ́n sì tà á ń padà wá di owó tí a fi ń tọ́ ọmọ mìíràn. Ìyẹn kì í ṣe ríra agbábọ́ọ̀lù. Gbígbìn ni.

Ẹ̀kejì ni Enyimba ti Aba, òun ni ó sì dí ẹnu àwọn tí ó gbà pé ìní ìjọba ni àrùn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Abia ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. Ènìyàn Abia ní 2006 kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti Ọ̀yọ́. Títí di 2001 Enyimba kò gba líìgì rí. Láti ìgbà náà dé 2023, ó gbà á nígbà mẹ́sàn-án, ó sì gba ife àwọn ẹgbẹ́ olúborí Áfíríkà ní 2003 àti 2004, ife tí Shooting Stars wá lọ sí àṣekágbá nígbà méjì tí kò rí mú bọ̀. Ẹ má sì sọ pé Yúróòpù ni ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lọ. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn ìdájọ́ Bosman ní oṣù Kejìlá ọdún 1995 ilẹ̀kùn Yúróòpù ṣí gbayawu, a sì lè fi èyí ṣe àlàyé ìdí tí ẹgbẹ́ 1996 kò fi ní àrólé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ṣí fún Aba, Vincent Enyeama tí ó ṣọ́ ilé fún Enyimba sì gba ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ó ti gba ife méjèèjì.

Kí ni Ìkẹ́nnẹ́ aládàáni àti Aba oníjọba fi jọra? A ti wá a títí, ohun kan ṣoṣo ni a rí tí ó dá wa lójú: ọwọ́ kan ni ó pẹ́ lórí ọkọ̀. Láti 1999 ni Felix Anyansi-Agwu ti di alága Enyimba, ó sì lo ohun tí ó ju ogún ọdún lọ níbẹ̀, tí gómìnà ń wá tí gómìnà ń lọ. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀ láti 2004. Ní Ìbàdàn, ìjọba tí ó bá dé ni ó ń yan alága àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Kò sí iléèwé bọ́ọ̀lù tí ó lè so èso láàrin ọdún mẹ́rin ìjọba kan, nítorí pé ọmọ ọdún 12 tí a gbà sí i yóò ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun bá dé. Ìgbìmọ̀ tuntun kò sì ní rí ìdí tí òun yóò fi máa bọ́ ọmọ tí òun kò gbà wọlé. Yóò ra ẹni tí ó ti gbó. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní Adamásingbà wà nínú ilé ìwòran ní Agbowó, wọ́n ń wo Arsenal.

Ọ̀rọ̀ títà tàbí àìtà, nígbà náà, kò kan òpó gan-an bí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń jà á. Bí ìjọba kò bá tà á, ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀ ni yíyan alága, kì í ṣe sísan owó. Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí yóò fún alága kan ní ọdún mẹ́wàá, tí gómìnà kò ní lè yọ ọ́ láìsí ẹ̀sùn, yóò ná ìlú ní owó tí kò tó ti agbábọ́ọ̀lù kan. Bí ó bá sì fẹ́ tà á, kí a má kọ́kọ́ bèèrè iye tí olùrà yóò san. Ẹ̀bùn tí 1976 fún wa kò sí nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ náà, inú orúkọ ni ó wà, orúkọ tí ó ti yè ju ti Leventis lọ fún ohun tí ó ju ọdún 35 lọ. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi olùrà, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn, ni ẹni tí orúkọ náà yóò padà sí lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá sú u.